Ìṣíkọ̀ àti Ìgúnlẹ̀: Èdè-Ìperí fún Àkọsílẹ̀ Àṣẹ tí ń Mú Kọ̀ǹpútà Gbéra àti Èyí tí ń Dá Iṣẹ́ Rẹ̀ Dúró

1. Ìfáàrà

Iṣẹ́ yìí dá lórí ọ̀rọ̀ méjì tí olùkọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà kò lè ṣe aláìlò: ọ̀rọ̀ tí a ó fi pe ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àti ọ̀rọ̀ tí a ó fi pe ọ̀nà tí ó ń gbà dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ lè rò pé kò sí ìṣòro níbẹ̀. Ṣé kì í ṣe pé a ó tan ẹ̀rọ, a ó sì pa á? Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń wí i ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Ajégúnlẹ̀ àti ní ọ́fíìsì àwọn ejẹ́ńtì tí ń gba ẹrù jáde ní wọ́ọ̀fù Àpápá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó tó lò ní ojú títì lè má tó lò ní kíláàsì. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbà pé kò sí ohun mìíràn ju 'pípa' lọ, kò sí ohun tí yóò sọ fún un pé kí ó má fa wáyà yọ lára ẹ̀rọ tí ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ohun tí ó ti ń kọ láti òwúrọ̀ lè tipa bẹ́ẹ̀ ṣègbé.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Àpápá ju bí ènìyàn ti lè rò lọ. Ní ọdún 1981, àjọ ECOWAS, tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1975, bẹ àjọ UNCTAD pé kí ó ran àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́ láti ṣe àkójọ ìsọfúnni nípa òwò òkèèrè. Inú ìbéèrè yìí ni ètò ASYCUDA ti jáde, èyí tí àwọn aṣọ́bodè fi ń ṣírò owó orí ẹrù. Ìran rẹ̀ kan, ASYCUDA++, jẹ́ èyí tí kọ̀ǹpútà olùpèsè rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí Unix àti àwọn ìbátan rẹ̀. Iléeṣẹ́ Aṣọ́bodè Nàìjíríà sì wà lára àwọn tí ó lò ó. Nítorí náà, bí kọ̀ǹpútà ṣe ń gbéra àti bí ó ṣe ń dáwọ́ dúró kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ nìkan ní ìlú tí ó ní èbúté.

Láti ìgbà tí Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ti jáde ní 1984 ni ó ti hàn pé èdè Yorùbá lè pe ohun ìmọ̀ jinlẹ̀ ní orúkọ láìtiro. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé orúkọ nìkan kò tó: ọ̀rọ̀-ìperí tí ó dára gbọ́dọ̀ kọ́ ẹni tí ó gbọ́ ọ ní nǹkan nípa ìwà ohun tí a ń pè. A ó kọ́kọ́ yẹ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ wò, kí a tó wá yan ọ̀rọ̀ fún un.

2. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ

Ken Thompson àti Dennis Ritchie ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí Unix ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1969. Linux, tí Linus Torvalds gbé jáde ní 1991, kì í ṣe ọmọ bíbí inú Unix, ṣùgbọ́n ìwà Unix ni ó gbà. FreeBSD àti NetBSD ní tiwọn wá láti ẹ̀ka Unix tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Yunifásítì Kalifọ́níà ní Berkeley. Gbogbo wọn ni ó ń tẹ̀lé ìlànà kan náà nígbà tí iná bá wọ inú ẹ̀rọ.

Ètò kékeré tí a ti kọ sínú ẹ̀rọ láti iléeṣẹ́ ni ó kọ́kọ́ ń jí. Òun ni ó ń wá ètò tí yóò gbé kókó ètò aṣàkóso láti orí díìsìkì sínú iyè ẹ̀rọ. Kókó yìí yóò yẹ àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ wò, yóò sì bí ọmọ kan ṣoṣo tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ init. Nọ́ńbà init ni 1, nítorí òun ni àkọ́bí gbogbo iṣẹ́ tí yóò máa lọ nínú ẹ̀rọ náà. Ó dà bí baálé: láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn yòókù ti ń jáde, iṣẹ́ tí òbí rẹ̀ bá sì kú, init ni ó sábà máa ń gbà á tọ́.

Init kò dá gbogbo iṣẹ́ mọ̀ fúnra rẹ̀. Ó ń ka àkọsílẹ̀ àṣẹ, èyí tí í ṣe fáìlì tí a kọ àwọn àṣẹ sí ní ẹsẹẹsẹ, kí ẹ̀rọ lè mú wọn ṣẹ láìsí pé ènìyàn jókòó tì í. Lẹ́tà méjì, rc, ni a sábà fi ń sọ irú fáìlì bẹ́ẹ̀ lórúkọ lórí Unix. Lẹ́tà yìí ti pẹ́ ju Unix lọ: inú ọ̀rọ̀ náà RUNCOM ni ó ti wá, orúkọ ètò tí Louis Pouzin kọ ní MIT láàárín àwọn ọdún 1960 kí ẹ̀rọ lè máa mú ọ̀wọ́ àṣẹ ṣẹ.

Àwọn àkọsílẹ̀ yìí ni ń gbé àwọn aṣiṣẹ́ abẹ́lẹ̀ dìde. Aṣiṣẹ́ abẹ́lẹ̀ ni ètò tí kò ní ojú tí à ń rí, ṣùgbọ́n tí ó ń ṣọ́nà kí ẹnikẹ́ni tó dé: ọ̀kan ń bójú tó ìsopọ̀ kọ̀ǹpútà, èkejì ń bójú tó àká ìsọfúnni, ẹ̀kẹta ń dá àwọn tí ń béèrè ojú-ìwé lóhùn. Àwọn olùlò Gẹ̀ẹ́sì pè é ní daemon. Ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra níhìn-ín, kí ó má baà pè é ní iwin tàbí ànjọ̀nú. Ìránṣẹ́ olóòótọ́ ni, kò sì dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí a bá ní kí ẹ̀rọ dáwọ́ dúró, iṣẹ́ mìíràn ni ó bẹ̀rẹ̀. Wọn yóò ka àkọsílẹ̀ ìdádúró ti aṣiṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn èyí, wọn yóò fi àmì kẹẹ̀ẹ́dógún ránṣẹ́ sí gbogbo iṣẹ́ tí ó kù, èyí tí í ṣe ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n palẹ̀ mọ́. Wọn yóò dúró díẹ̀. Iṣẹ́ tí ó bá kọ̀ yóò gba àmì kẹsàn-án, èyí tí kò sí iṣẹ́ tí ó lè yẹ̀ ẹ́. Nígbẹ̀yìn, ohun gbogbo tí ó kù nínú iyè ẹ̀rọ yóò di kíkọ sórí díìsìkì, a ó tú díìsìkì sílẹ̀, iná yóò sì kúrò. Kíyè sí i pé kíkúrò iná ni ó gbẹ̀yìn nínú iṣẹ́ yìí. Òun kọ́ ni iṣẹ́ náà gan-an.

3. Ẹ̀tò tí ń yí padà

Ẹni tí ó bá ń múra òde yóò wọ ṣòkòtò àti bùbá kí ó tó gbé agbádá wọ̀. Nígbà tí ó bá padà dé ilé, agbádá ni yóò kọ́kọ́ bọ́. Kò sí ẹni tí ó lè bọ́ bùbá kúrò lábẹ́ agbádá láìda ara rẹ̀ láàmú. Bákan náà ni kóńténà tí wọ́n tò lé ara wọn ní Àpápá: èyí tí a gbé lé wọn kẹ́yìn ni a ó kọ́kọ́ gbé kúrò. Ìlànà yìí ni ó wà nínú àkọsílẹ̀ àṣẹ Unix. Ohun tí ó dìde kẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ jókòó.

Nínú Unix System V, tí AT&T gbé jáde ní 1983, àti nínú ọ̀pọ̀ Linux tí ó tẹ̀lé e, àpótí kan wà fún ìpele iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìpele 0 ni ti ìdádúró pátápátá, ìpele 1 ni ti àtúnṣe tí ẹnìkan ń ṣe, ìpele 6 sì ni ti àtúnbẹ̀rẹ̀. Inú àpótí wọ̀nyí ni atọ́ka wà, tí ó ń tọ́ka sí àkọsílẹ̀ gan-an nínú /etc/init.d. Orúkọ atọ́ka tí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú S ń gbé aṣiṣẹ́ dìde. Èyí tí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú K ń dá a dúró. Nọ́ńbà méjì tí ó tẹ̀lé lẹ́tà náà ni ó ń sọ ẹni tí yóò ṣáájú.

Àpẹẹrẹ kan láti inú Red Hat Linux àtijọ́ yóò fi èyí hàn. Ìsopọ̀ kọ̀ǹpútà gba S10, ó sì gba K90. Àká ìsọfúnni MySQL gba S64 àti K36. Apache tí ń pèsè ojú-ìwé gba S85 àti K15. Bí a bá ro nọ́ńbà méjèèjì pọ̀ ní ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, 100 ni yóò jẹ́. Nígbà ìdìde, ìsopọ̀ ni ó ṣáájú, àká tẹ̀lé e, Apache sì kẹ́yìn. Nígbà ìdádúró, Apache ni yóò kọ́kọ́ lọ, kí ó má baà sí ẹni tí yóò máa béèrè nǹkan lọ́wọ́ àká tí ó ti ń palẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ni àká yóò ti ìwé rẹ̀, ìsopọ̀ yóò sì kẹ́yìn wọn lọ.

Ìṣirò nọ́ńbà yìí kì í ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo. NetBSD 1.5, tí ó jáde ní ọdún 2000, ní kí àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan sọ ohun tí ó gbára lé, kí ẹ̀rọ sì fúnra rẹ̀ to ètò. FreeBSD 5.0 gba ọ̀nà náà ní 2003. Ní 2010, Lennart Poettering àti Kay Sievers gbé systemd jáde. Òun ni Fedora bẹ̀rẹ̀ sí lò ní 2011, tí Debian sì tẹ̀lé e ní 2015. Nínú systemd, bí a bá ti kọ ọ́ pé ẹ̀kejì ń tẹ̀lé èkíní nígbà ìdìde, kò sí pé a tún ń kọ òdìkejì rẹ̀: ẹ̀kejì yóò dúró ná kí èkíní tó dúró. Ọ̀nà yàtọ̀, ṣùgbọ́n òfin agbádá kò yí padà.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ni kí ènìyàn kọ apá ìdìde nìkan, kí ó sì gbàgbé apá ìdádúró. Òmíràn fara sin ju èyí lọ. Nínú Red Hat àtijọ́, àkọsílẹ̀ gbọ́dọ̀ fi fáìlì kékeré kan sílẹ̀ ní /var/lock/subsys nígbà tí aṣiṣẹ́ bá dìde. Bí fáìlì náà kò bá sí níbẹ̀, ètò yóò gbà pé aṣiṣẹ́ náà kò sí lẹ́nu iṣẹ́, kò sì ní ka K tirẹ̀ rárá. Àká ìsọfúnni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí kò ní gba ìkìlọ̀ tirẹ̀ ní àsìkò. Àwọn àgbà ní ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni ó ni iṣẹ́, bí kò ṣe ẹni tí ó bá fi orí tì í dé òpin.

4. Àyẹ̀wò àwọn ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó wà nílẹ̀ tí olùkọ́ lè mú. Èkíní ni 'títàn' àti 'pípa'. Ọ̀rọ̀ yìí wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn, kò sì sí ẹni tí ó lè gbà á lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n iná ni à ń tàn tí à ń pa. Ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni ó gbà, kò sì ní ẹ̀tò. Ẹni tí ó bá pe ìdádúró ní 'pípa' ti fi gbogbo ohun tí a kà sílẹ̀ ní ìsọ̀rí kejì pamọ́.

Ó yẹ kí a fi kún un pé èdè Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ kò mọ́ níhìn-ín. Lẹ́tà K tí a rí lókè dúró fún ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí 'pa', bẹ́ẹ̀ ìdádúró jẹ́jẹ́ ni à ń fi í ṣe. Àṣẹ kill ti Unix náà, bí a kò bá fi nǹkan kan kún un, àmì kẹẹ̀ẹ́dógún ni ó ń fi ránṣẹ́, èyí tí í ṣe ẹ̀bẹ̀. Ògbufọ̀ tí ó bá tẹ̀lé Gẹ̀ẹ́sì ní ẹsẹẹsẹ yóò pe ẹ̀bẹ̀ ní ìpànìyàn. Yorùbá lè ṣe dáadáa jù bẹ́ẹ̀: kí a fi 'pípa' sílẹ̀ fún àmì kẹsàn-án nìkan, nítorí òun ni ó ń pa láìbéèrè.

Èkejì ni 'jíjí' àti 'sísùn'. Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ní ipò kan tí ó ń tòògbé, tí iyè rẹ̀ ṣì wà láàyè. Bí a bá ti fi 'sísùn' fún ìdádúró, kí ni a ó fi pe ipò náà? Ẹ̀kẹta ni 'ìbẹ̀rẹ̀' àti 'ìparí'. Èyí gbòòrò jù: ètò kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí tirẹ̀. Ní ti ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà boot, láti ara okùn bàtà ni wọ́n ti fà á yọ, nínú àwàdà ẹni tí ó fi okùn bàtà ara rẹ̀ gbé ara rẹ̀ sókè. Kò sí èrè nínú kíkó bàtà wọ inú ìwé Yorùbá.

5. Ọ̀rọ̀ tí èbúté fún wa

Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ wà nítòsí. Ọkọ̀ tí ó ń kúrò ní èbúté ń ṣíkọ̀. Èyí tí ó dé ń gúnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ kejì yìí wà nínú orúkọ Ajégúnlẹ̀ fúnra rẹ̀: ajé ti dé, ó ti fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ìdí mẹ́ta ni ó fi yẹ kí a pe ìdìde kọ̀ǹpútà ní ìṣíkọ̀, kí a sì pe ìdádúró rẹ̀ ní ìgúnlẹ̀.

Ìdí kìíní ni pé méjèèjì jẹ́ iṣẹ́ tí ó ní ìpele. Kò sí ọkọ̀ tí ó ń ṣí ní ìṣẹ́jú kan. A ó ti di ẹrù, a ó ti tú okùn. Kò sì sí èyí tí ó ń gúnlẹ̀ láìsí ẹni tí ó ń gba okùn rẹ̀. Ìdí kejì ni pé ìgúnlẹ̀ ń sọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ìsọfúnni. Ohun tí ó wà nínú iyè ẹ̀rọ dà bí ẹrù tí ó wà lórí omi. Díìsìkì ni ilẹ̀. Títí a ó fi kọ ọ́ sórí díìsìkì, ẹrù náà kò tíì dé. Ìdí kẹta ni pé Yorùbá ti ń lo ọ̀rọ̀ yìí fún òpin tí ó ní ìtumọ̀: a máa ń béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ gúnlẹ̀ sí.

Èbúté tún fún wa ní ọ̀rọ̀ fún ipò ìtòògbé tí a mẹ́nu kàn. Ọkọ̀ tí ó dúró lójú omi, tí ẹrù ṣì wà nínú rẹ̀, ó dákọ̀ró ni. Kò tíì gúnlẹ̀. Èkó mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa. Ní ọdún 1975, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ tí ó kó sìmẹ́ńtì dákọ̀ró lẹ́yìn èbúté nítorí pé Àpápá kò lè gbà wọ́n, púpọ̀ nínú sìmẹ́ńtì náà sì bàjẹ́ lójú omi. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n kọ́ èbúté Tin Can, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1977. Kọ̀ǹpútà tí ó dákọ̀ró wà nínú irú ewu bẹ́ẹ̀: bí bátìrì rẹ̀ bá tán, ohun tí ó wà nínú iyè rẹ̀ yóò rì.

Ẹnìkan lè sọ pé ọkọ̀ tí ó gúnlẹ̀ kò tíì parí iṣẹ́, nítorí ó kù kí ó já ẹrù. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àtakò yìí gan-an ni ó ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn. Ohun tí a fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ ni pé dídé èbúté ní iṣẹ́ nínú, àti pé a kì í fi ọkọ̀ sílẹ̀ kí ẹrù tó bọ́ sílẹ̀.

6. Nígbà tí iná bá lọ

Láti ìgbà NẸ́PÀ, tí a dá sílẹ̀ ní 1972, títí di ìgbà tí iléeṣẹ́ aládàáni gba iṣẹ́ pínpín iná ní 2013, àwọn ará Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ mọ ohun tí iná tí ó lọ lójijì ń ṣe. Níbí ni ọ̀rọ̀-ìperí ti di ọ̀rọ̀ èrè àti àdánù. Nígbà tí iná bá lọ, kò sí K kan tí a ó kà. Ọkọ̀ náà kò gúnlẹ̀. Ó rì ni. Ètò fáìlì tí ń kọ ìṣe rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó ṣe é, bí ext3 tí ó wọ Linux ní 2001, lè gba ètò díìsìkì là, ṣùgbọ́n kò lè mú ohun tí kò tíì kúrò nínú iyè padà wá.

Ẹ̀rọ agbaná-dúró, tí a mọ̀ sí UPS, ni à ń fi ra àkókò. Àṣìṣe ni kí a rò pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kí a lè máa bá iṣẹ́ lọ nínú òkùnkùn. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni kí ọkọ̀ lè gúnlẹ̀ bí jẹnẹrétọ̀ bá kọ̀. Ètò bí Network UPS Tools ń ṣọ́ bátìrì náà. Nígbà tí ó bá rí i pé ó kù díẹ̀, yóò pàṣẹ ìgúnlẹ̀ fúnra rẹ̀. Òfin kan ni ó wà: àkókò tí ó kù nínú bátìrì nígbà tí àṣẹ bá jáde gbọ́dọ̀ ju àkókò tí ìgúnlẹ̀ ń gbà lọ. Systemd, bí a kò bá yí i padà, ń fún aṣiṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní 90 ìṣẹ́jú àáyá kí ó tó pa á. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi ìṣẹ́jú kan péré sílẹ̀ ti ṣírò àṣìrò. Ó dára kí a wọn ìgúnlẹ̀ ní ọjọ́ tí iná wà, kí a tó gbẹ́kẹ̀ lé e ní ọjọ́ tí kò sí.

7. Àtẹ ọ̀rọ̀

Ìṣíkọ̀: gbogbo ìpele tí kọ̀ǹpútà ń gbà láti ìgbà tí iná bá wọ inú rẹ̀ títí ó fi ṣe tán láti ṣiṣẹ́.
Ìgúnlẹ̀: gbogbo ìpele tí ó ń gbà láti ìgbà tí a bá pàṣẹ ìdádúró títí iná yóò fi kúrò, tí ìsọfúnni yóò sì ti dé orí díìsìkì.
Àtúnṣíkọ̀: ìgúnlẹ̀ tí ìṣíkọ̀ tẹ̀lé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.
Ìdákọ̀ró: ipò tí ẹ̀rọ ti dákẹ́, ṣùgbọ́n tí ìsọfúnni ṣì wà nínú iyè rẹ̀.
Rírì: kí iná lọ tàbí kí ẹ̀rọ dákú láìsí ìgúnlẹ̀.
Àkọsílẹ̀ ìṣíkọ̀, àkọsílẹ̀ ìgúnlẹ̀: fáìlì àṣẹ tí à ń kà ní àkókò kọ̀ọ̀kan.
Aṣiṣẹ́ abẹ́lẹ̀: ètò tí ń ṣiṣẹ́ láìsí ojú tí à ń rí.
Ìpele iṣẹ́: ipò tí a yàn fún ẹ̀rọ, pẹ̀lú àwọn aṣiṣẹ́ tí ó yẹ kí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀.
Pípa: dídá iṣẹ́ kan dúró pẹ̀lú agbára, láìfún un ní àyè láti palẹ̀ mọ́.

8. Ìkádìí

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni ní Ajégúnlẹ̀ má sọ pé òun fẹ́ pa kọ̀ǹpútà mọ́. Ojú títì ni ó ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé olùkọ́ àti ògbufọ̀ nílò ọ̀rọ̀ tí kò ní jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ pàdánù ohun tí ó kó jọ. Olùkọ́ lè bẹ̀rẹ̀ nípa bíbi akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbéèrè mẹ́ta. Bí aṣiṣẹ́ kan bá ní S20, irú nọ́ńbà wo ni ó yẹ K rẹ̀? Èwo nínú Apache àti àká ìsọfúnni ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ gúnlẹ̀, kí sì ni ìdí rẹ̀? Bí iná bá lọ nígbà tí ẹ̀rọ dákọ̀ró, níbo ni ẹrù wà? Ẹni tí ó bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní èdè Yorùbá ti mọ ohun tí àkọsílẹ̀ ìgúnlẹ̀ wà fún, kò sì ní fa wáyà yọ.